Ṣé dandan ni kí ọlọ́kadà jábọ́ ni? Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ bá wa dá sí i

AláṣọÒkèÀjẹ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀kadà, ó ti bá ẹnì kan sọ ọ́, Bajaj ni wọ́n fẹ́ gbé fún un ní háyà-pọ́ṣéèsì, Ìjẹ̀bú-Òde sí Orù sí Àgọ́-Ìwòyè ló sì fẹ́ máa ná torí àwọn ọmọ yunifásítì. Mi ò ní kó má ṣiṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí mo ní kó ra hẹ́mẹ́ẹ̀tì gidi kó sì wá ẹni tó máa kọ́ ọ dáadáa, ṣe ló ń sọ fún mi pé kò sọ́lọ́kadà tí kì í jábọ́, bó pẹ́ bó yá wà á fara kan títì, pé ohun tórí bá ti yàn ni, hẹ́mẹ́ẹ̀tì ò lè yí i padà. Ọjọ́ díẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi kọ́ ọ lórí pápá ilé ìwé, ó ti ń pe ara ẹ̀ lọ́lọ́kadà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gùn ún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú àwọn tó ṣubú, ṣé òótọ́ ni pé kò ṣeé yẹra fún? Bó bá sì ṣeé yẹra fún, kí ni kí n ní kó máa ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "kó máa rọra", ẹ là á yé mi.

ỌmọÌkẹ́nnẹ́
Àǹtí, ẹ má bínú sí àbúrò yín, òótọ́ wà nínú ohun tó ń sọ. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa, kì í mutí, kì í sáré, hẹ́mẹ́ẹ̀tì kì í kúrò lórí ẹ̀, ẹ̀bá títì ló dúró sí tó ń gbowó lọ́wọ́ pásẹ́ńjà tí bọ́ọ̀sì tí bíréèkì ẹ̀ já fi wá bá a níbẹ̀. Kí ló ṣe? Kí ni ì bá ṣe? Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà kò ní bọ́dì, kò ní bẹ́lìtì, ara ló fi ń gba gbogbo ẹ̀. Mo gbà pé kéèyàn ṣọ́ra, àmọ́ ká máa sọ ọ́ bíi pé gbogbo ẹni tó jábọ́ ló fọwọ́ ara ẹ̀ fà á, ìyẹn ò dáa, ó ń dun àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí.

BàbáPáàkì
Ọmọ wa, o ṣé. Ọlọ́run á dáàbò bo ìdílé ọkùnrin yẹn.

Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn orí. Orí wà. Ògún náà wà, àwọn bàbá wa máa ń bọ ọ́ kí wọ́n tó gbé irin sọ́nà, ẹni tó bá sì ń gbàdúrà kó máa gbà á lọ. Ṣùgbọ́n láti ayé Suzuki títí dé ayé Bajaj ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Mọ̀bàlúfọ̀n, bí ọmọ wa kan bá ṣubú, tá a bá ti gbé e dé ọsibítù tán, a máa ń jókòó bi ara wa pé kí ló ń ṣe kó tó ṣubú. Mi ò sọ pé ìgbà tó ń ṣubú o, kó TÓ ṣubú. Ṣé ẹ mọ ohun tá a máa ń gbọ́? Wọ́n-wé ló gbà torí kò fẹ́ lọ yípo. Pásẹ́ńjà mẹ́ta ló gbé. Ó fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ níbi tí títì ti ṣẹ́ kọ́nà tí kò rí iwájú. Iná iwájú ẹ̀ ti jó látọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò ráyè pààrọ̀ gílóòbù. Ó ti fi páragà lé òtútù láàárọ̀. Ó fi èjìká di fóònù métí. Èyí tí kò ní ìkankan nínú wọ̀nyí, tó dúró jẹ́ẹ́ tí wọ́n wá gbá a bíi ti ọkùnrin Ìkẹ́nnẹ́ yẹn, ó wà, mi ò sọ pé kò sí, àmọ́ kò pọ̀ tó bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́. Bá a bá ti ní "orí ni", a ò ní bèèrè mọ́, bá ò bá sì bèèrè, ẹlòmíì nínú páàkì kan náà á tún lọ ṣe nǹkan kan náà lọ́la. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi ń bí mi nínú nìyẹn.

Àbúrò yín, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó gbé sórí ni pé kó máa rìn bí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ẹ lọ dúró ní jọ́ńṣọ̀n Mọ̀bàlúfọ̀n nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ wò ó. Mọ́tò á yọrí láti ẹ̀gbẹ́, dírẹ́bà á wo ọ̀tún, á wo òsì, ojú ẹ̀ á kọjá lórí ẹ, wà á rò pé ó ti rí ẹ, òun ò rí nǹkan kan, ọkọ̀ ńlá ló ń wá. Ló bá já wọ títì. Nítorí náà má wojú ẹ̀, táyà iwájú ẹ̀ ni kó o máa wò. Bí táyà yẹn bá ti yí díẹ̀ báyìí, bó tiẹ̀ ṣe ìwọ̀n ìka kan, ọkọ̀ yẹn ń bọ̀ nìyẹn. Tú ọwọ́ lórí tọ́tù, gbé ìka méjì lé bíréèkì ọwọ́, fọn fèrè. Bí kò bá wá yọ mọ́, kí lo pàdánù?

Kó tún mọ ọjọ́. Ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn tó ti Èkó àti òkè òkun wá á kún ìlú fọ́fọ́, wọn ò mọ ọ̀nà, ẹṣin àti aṣọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń wò, ẹnì kan á ṣàdédé ṣílẹ̀kùn mọ́tò sí ẹ lójú. Owó wà lọ́jọ́ náà, mo mọ̀, àmọ́ ọjọ́ yẹn kọ́ là ń sáré. Kó fi àyè tó gba ilẹ̀kùn sílẹ̀ láàárín òun àti ọkọ̀ tó bá páàkì.

TíṣàÌlíṣàn
Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ dírẹ́bà tí kò rí ọ̀kadà yìí, wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní University of Southern California ló ṣe é, ìwé náà jáde ní 1981. Wọ́n lọ síbi tí nǹkan bí ìjàm̀bá mọ́tọ̀síkù 900 ti ṣẹlẹ̀ ní Los Angeles, wọ́n yẹ gbogbo ẹ̀ wò fínnífínní. Nínú mẹ́rin, bíi mẹ́ta ló jẹ́ pé ọ̀kadà àti ọkọ̀ míì ló kọlu ara wọn, nínú irú èyí, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ pé dírẹ́bà ọkọ̀ yẹn ló gbọ̀nà mọ́ ọlọ́kadà lọ́wọ́, torí pé kò rí i tàbí ó rí i nígbà tó ti pẹ́ jù. Ẹ wá rí i pé ỌmọÌkẹ́nnẹ́ ò parọ́, ẹ̀bi lè máà jẹ́ ti ọlọ́kadà rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Wọ́n rí i pé àkókò tí ọlọ́kadà máa ń ní láti fi gba ara ẹ̀ kò tó sẹ́kọ́ǹdù 2. Láàárín ìgbà yẹn ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ni pé wọ́n tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ pátápátá títí táyà fi ń yọ̀, wọn ò sì lo ti iwájú tó. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 92 ló jẹ́ pé fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ọ tàbí ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló kọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí àbúrò Àǹtí lórí pápá yẹn. Los Angeles kọ́ ni Ìjẹ̀bú, kòtò wọn ò pọ̀ tó tiwa, mi ò ní ká gbé nọ́ńbà wọn wá síbí ká ní tiwa nìyẹn. Ojú kan náà ni gbogbo wa ní ṣáá. Nǹkan kékeré tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ojú máa ń rò pé ó ṣì jìnnà, pé kò sì yára.

Ẹ tún gbọ́ ti eré. Tó o bá wà lórí 60, mítà bíi 17 lò ń rìn ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Kójú tó rí i, kí ọpọlọ tó gbà á, kí ọwọ́ tó dé bíréèkì, bíi sẹ́kọ́ǹdù kan ti lọ, o ti rin mítà 17 yẹn láìtíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Tó o bá wá sọ eré di ìlọ́po méjì, láti 30 sí 60, ibi tí bíréèkì máa fi gbé ẹ dúró á jìnnà ní ìlọ́po MẸ́RIN. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í gbà á gbọ́ àfi tí mo bá ṣe ìṣirò ẹ̀ lójú wọn. Kó máa fi sẹ́kọ́ǹdù 2 sílẹ̀ láàárín òun àti ọkọ̀ iwájú, kó mú òpó iná kan lójú, tí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá ẹ̀ kó máa ka sẹ́kọ́ǹdù 2 yẹn, bóun náà bá débẹ̀ kó tó kà á tán, ó ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, kó sọ ọ́ di 4.

TírélàÒgèrè
Ẹ kú ìjíròrò. Tírélà ni mò ń wà, Ògèrè la máa ń páàkì sí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lókè níbi tá a jókòó sí torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà rò pé à ń rí gbogbo ilẹ̀. A ò rí i. Tó o bá wà lẹ́yìn mi gan-an, mi ò rí ẹ. Tó o bá wà lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ibi tí mọ́tò-bọ́ì jókòó sí, mi ò rí ẹ. Tó o bá ṣẹ́ wá síwájú bọ́ńpà, mi ò rí ẹ. Tó ò bá ti rí ojú mi nínú dígí mi, èmi náà ò rí ẹ, ìyẹn lo máa fi mọ̀.

Èyí tó ń pa wọ́n jù: bí mo bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, tírélà gùn, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbórí ẹ̀ sósì kí n tó rọ́nà yí. Ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn á rí àlàfo lọ́tùn-ún, á ní mo ti yẹ̀ fún òun, á kó síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn tírélà á máa bọ̀ wá pa àlàfo yẹn dé díẹ̀díẹ̀. Mo bẹ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má wọ àlàfo yẹn. Íńdíkétọ̀ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo orí ọkọ̀.

Ẹ má sì ya mí sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá tẹ bíréèkì síwájú mi nítorí pásẹ́ńjà tó nawọ́. Ẹrù tó wà lẹ́yìn mi ò jẹ́ kí n lè dúró, kì í ṣe ìkà. Lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ àti ti Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀kadà ò tiẹ̀ yẹ kó débẹ̀ rárá, ẹ máa gba inú ìlú.

AláṣọÒkèÀjẹ
Ọ̀gá mi, ẹ ṣé gan-an. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gun ọ̀kadà lọ ọjà, mi ò gbọ́ irú èyí rí lẹ́nu dírẹ́bà tírélà.

MẹkáníìkìÌpẹ̀rù
Bíréèkì tí Tíṣà sọ yẹn ló mú mi wọlé. Àìmọye ọ̀kadà ni wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi tí wáyà bíréèkì ọwọ́ ti gbẹ, àwọn míì ti tú u sọnù pátápátá, wọ́n ní ó máa ń gbé èèyàn ṣubú. Kì í ṣe bíréèkì ló ń gbé wọn ṣubú, bí wọ́n ṣe ń já a gbà mọ́wọ́ ni. Nígbà tó o bá ń dúró, gbogbo ìwúwo ìwọ àti pásẹ́ńjà á wá síwájú, táyà iwájú ló wá dilẹ̀ mú jù, táyà ẹ̀yìn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́, ìdí tí ti ẹ̀yìn nìkan fi máa ń yọ̀ nìyẹn tí kì í sì dúró. Nítorí náà méjèèjì la ń lò pa pọ̀, ti ọwọ́, máa fún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fún ọsàn, kó máa le sí i bí ọ̀kadà ṣe ń rọlẹ̀. Ibi tí kò yẹ kó o ti fún un le ni orí yanrìn, orí òkúta wẹẹrẹ, àti ìgbà tí ọwọ́ ọ̀kadà bá ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ sì mọ bí ọ̀nà abúlé wa ṣe rí, níbi tó ti pàdé ọ̀dà, òjò á ti wọ́ yanrìn kún ojú títì. Ẹ tètè dín eré kù kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kì í ṣe tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Láàárọ̀ kó tó yọ: kó fọwọ́ tẹ táyà, kó wo ojú ẹ̀ bóyá ó ti jẹ tán, kó wo bí ṣéènì ṣe lọ̀ tó, kó tan iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, kó fún bíréèkì méjèèjì. Kò ju kéèyàn jẹ búrẹ́dì kan tán. Kí wọ́n má ṣe yọ dígí o! Wọ́n ní ó ń há wọn nínú gó-ṣúlò. Ẹni tó yọ dígí, báwo ló ṣe máa mọ bọ́ọ̀sì tí bíréèkì ẹ̀ já tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Mi ò ní ọkùnrin Ìkẹ́nnẹ́ lọ́kàn, mi ò mọ bí tiẹ̀ ṣe jẹ́, mò ń sọ fún ẹni tó ṣì ń gùn ún ni.

Òjò àkọ́rọ̀ náà, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ́ìlì àti eruku tó ti kó jọ sórí ọ̀dà á léfòó, títì á máa yọ̀ ju ti òjò ńlá lọ. Kó wá ibì kan yà sí kí òjò fi fọ títì díẹ̀.

Nọ́ọ̀sìRẹ́mọ
Ẹ̀ka pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Rẹ́mọ níbí. Mo ka gbogbo ẹ̀ látòkè, mo sì fẹ́ bá àbúrò Àǹtí sọ̀rọ̀ tààrà pẹ̀lú ìfẹ́. Àbúrò, o ní hẹ́mẹ́ẹ̀tì ò lè yí nǹkan kan padà. Ìwádìí tí Cochrane, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìlera, gbé jáde ní 2008 kó ọ̀pọ̀ ìwádìí káàkiri ayé jọ, ohun tó fi hàn ni pé hẹ́mẹ́ẹ̀tì ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń dín kí orí fara pa kù ní ìdá 69. Èmi tí mo dúró síbi bẹ́ẹ̀dì ò nílò ìwé kí n tó gbà á. Àwọn méjì á jábọ́ lórí ọ̀kadà kan náà, ẹni tó dé e á máa sọ fún wa nọ́ńbà ìyàwó ẹ̀ ká bá a pè é, ẹnì kejì ò ní dá wa lóhùn.

Ẹ̀yin àgbà á rántí January 2009 tí Road Safety ní dandan ni, tí àwọn kan ń dé igbá, tí àwọn kan ń dé ike ọ̀dà torí hẹ́mẹ́ẹ̀tì wọ́n. Pásẹ́ńjà náà ń bẹ̀rù pé wọ́n ti fi oògùn sí i. Ìwà yẹn ò tíì tán nílẹ̀, a kàn fi hẹ́mẹ́ẹ̀tì tí kò ní fóòmù rọ́pò igbá ni. Hẹ́mẹ́ẹ̀tì tó dáa gbọ́dọ̀ fún orí dáadáa, kó ní fóòmù líle nínú, kó sì ní okùn tó dè. Ẹ DÈ É. Èyí tẹ́ ẹ gbé lérí láìde, òun ló máa kọ́kọ́ fò lọ. Bó bá sì ti forí gbá títì lẹ́ẹ̀kan, fóòmù inú ẹ̀ ti fọ́ bí ẹ ò tiẹ̀ rí i lóde, ẹ ra òmíì. Pásẹ́ńjà tó bá ń bẹ̀rù, kó we gèlè tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ẹ̀ tàbí kó ra tiẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ṣubú, ẹ má da omi lé e lórí. Ẹ má fà á lápá lẹ́sẹ̀. Èyí tó ń dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń há a sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà míì tí ọrùn ẹ̀ á máa fì, ọrùn tó ì bá san, ojú ọ̀nà ni wọ́n á ti bà á jẹ́. Bí ibi tó wà ò bá léwu, ẹ fi í sílẹ̀ kẹ́nì kan di orí ẹ̀ mú kó má yí, ẹ yí ọkọ̀ sójú ọ̀nà kí wọ́n má gbá yín níbẹ̀. Bó bá ń mí, ẹ má bọ́ hẹ́mẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà, ẹ ká aṣọ tó mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn gírígírí, ẹ má máa ṣí i wò. 122 ni nọ́ńbà Road Safety, ọ̀fẹ́ ni, 112 náà wà. Bí wọ́n bá sì sọ níbi tẹ́ ẹ gbé e lọ pé àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó, Òfin Ìlera ti 2014 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ẹ sọ ọ́ jáde. Eegun tó bá yọ síta, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ kẹ́ ẹ tó máa ronú àwọn tó ń to eegun.

ÌyáÌbejìÌjẹ̀búIgbó
Ẹ ṣé Nọ́ọ̀sì. Èmi kì í gùn ún, pásẹ́ńjà ni mí, àwa náà lẹ́jọ́ o. Àwa la máa ń sọ pé "sáré díẹ̀ jàre, ọjà ti ń tú". Àwa la máa ń kó ọmọ méjì sáàárín, kan lórí táǹkì. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ká ìró yín sáàárín ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ so ìborùn àti híjáàbù sínú aṣọ, táyà ẹ̀yìn àti ṣéènì máa ń wọ́ ọ mú, tó bá sì ti mú un kò ní tú u sílẹ̀. Apá òsì ni kẹ́ ẹ ti máa gùn ún, sàlẹ́ńsà wà lọ́tùn-ún, ó máa ń jó ẹsẹ̀. Bí ẹnu ọlọ́kadà bá ń rùn ọtí, ẹ ní kó sọ̀ yín kalẹ̀, ẹ fún un ní owó ibi tó gbé yín dé, ẹ má tijú.

ỌmọṢágámù
Ohun tó máa tán gbogbo ẹ̀ ni kí ìjọba fòfin dè é bíi ti Èkó ní June 2022.

ÌyáÌbejìÌjẹ̀búIgbó
Àbúrò, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ni Èkó mú nígbà yẹn. Tí wọ́n bá fòfin dè é níbí, kí la máa fi gbé gààrí jáde lóko? Mọ́tò kì í dé ọ̀hún.

ỌmọÌjẹ̀búLọ́ndọ̀n
Ẹ kú ilé o. Níbi tí mo wà, láti 1990 ni òfin ti ní kò sẹ́ni tó máa gbé mọ́tọ̀síkù sójú títì láìṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní CBT, kódà ẹni tó fẹ́ fi gbé oúnjẹ kiri fáwọn èèyàn. Ohun tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ tó wúlò fún mi jù, mo fẹ́ kí àbúrò Àǹtí gbọ́ ọ: ibi tójú ẹ bá wà ni ọ̀kadà máa gbé ẹ lọ. Tó o bá tẹjú mọ́ kòtò pé "kí n má ṣáà wọ inú ẹ̀", inú ẹ̀ gan-an lo máa wọ̀. Ibi tó o fẹ́ gbà ni kó o wò. Lálẹ́ tí iná fúùlù bá kọjú sí ẹ, wo etí títì lọ́tùn-ún, má wo iná yẹn. Ìkejì, kó o tó yà, bojú wẹ̀yìn lórí èjìká lẹ́ẹ̀kan, bó o tiẹ̀ ti wo dígí, torí dígí máa ń fi nǹkan pa mọ́. Ìkẹta, iná iwájú, ọ̀sán o, òru o, kó wà ní títàn.

Àti pé ẹ má jẹ́ ká gbé gbogbo ẹ̀ ka ọlọ́kadà lórí. Ní Swídìn, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fọwọ́ sí i ní 1997 pé àwọn tó ń ṣe ọ̀nà náà máa pín nínú ẹ̀bi, torí pé èèyàn á ṣì ṣàṣìṣe, ọ̀nà ló yẹ kó jẹ́ irú èyí tí àṣìṣe ò ní dikú nínú ẹ̀.

ỌmọÌkẹ́nnẹ́
Ẹ̀gbọ́n Lọ́ndọ̀n, èyí tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn yìí gan-an ló wà lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti dá sí i. Kòtò tó wà lójú ọ̀nà wa, bọ́ńpù tí wọ́n ṣe tí wọn ò kùn, ọkọ̀ tó kú sójú títì lálẹ́ tí ewé ni wọ́n já síbẹ̀ dípò iná, ọlọ́kadà kọ́ ló ṣe wọ́n. Mo gbà pẹ̀lú Bàbá pé ká máa bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó ṣubú. Ká ṣáà bèèrè gbogbo ẹ̀, títí kan ta ló yẹ kó dí kòtò yẹn. Ẹ sì bá mi sọ fún àwọn ọmọ páàkì pé kí wọ́n jìnnà séti títì tí wọ́n bá fẹ́ gbowó, kí wọ́n wọ inú koríko lọ.

BàbáPáàkì
O sọ òótọ́, ọmọ wa. Màá sọ ọ́ ní mítìn ọjọ́ Àìkú, ti owó gbígbà yẹn àti ti kòtò. Kòtò kan wà tó ti gbé mẹ́ta nínú àwọn ọmọ wa ṣubú, lẹ́tà ló yẹ ká kọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ká sì fọwọ́ ara wa kó òkúta sínú ẹ̀ ná títí wọ́n á fi dáhùn.

AláṣọÒkèÀjẹ
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀ sí i létí, ó dákẹ́ nígbà tí mo dé ibi tírélà. Ohun tó wá sọ ni pé owó ọjọ́ ló ń ba òun lẹ́rù, pé ojoojúmọ́ ni ẹni tó ni ọ̀kadà fẹ́ máa gba owó ẹ̀, títí kan Sunday, pé bóun ò bá sáré òun ò ní bá a. Kí ni ká ṣe sí ìyẹn?

BàbáPáàkì
Ìyẹn gan-an ni ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣubú, o ṣé tó o sọ ọ́. Ẹni tó ti jí láago mẹ́rin tó ṣì wà lórí ọ̀kadà láago mẹ́wàá alẹ́, ojú ẹ̀ là sílẹ̀ lásán ni. Kí ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Kẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ bá olówó náà, kẹ́ ẹ mú àgbà kan dání, kẹ́ ẹ ní ọjọ́ mẹ́fà ni yóò máa san lọ́sẹ̀, kí iye oṣù tó máa fi san án gùn díẹ̀ sí i, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ tí ọ̀kadà bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kò ka owó. Tí kò bá gbà, ẹ wá òmíì, olówó ọ̀kadà pọ̀ n'Ìjẹ̀bú-Òde. Kó má sì kọ́kọ́ ná Àgọ́-Ìwòyè. Kó máa ná inú ìlú ná títí ọwọ́ ẹ̀ á fi mọ́ ọn, kó máa wọlé kílẹ̀ tó ṣú. Kó lọ gba láísẹ́ǹsì ẹ̀ náà, class A ni ti ọ̀kadà.

MẹkáníìkìÌpẹ̀rù
Kẹ́ ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tiyín yẹ ẹ́ wò, kì í ṣe ti olówó.

AláṣọÒkèÀjẹ
Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Bàbá, ẹni tó máa kọ́ ọ ní bíréèkì bí Ìpẹ̀rù ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yẹn ló kù, a lè rí ẹnì kan ní páàkì yín?

BàbáPáàkì
Kó máa bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kí títì tó kún, èmi fúnra mi ni màá kọ́ ọ. Orí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀, láti 20, tó bá ń dúró láìjẹ́ kí táyà yọ̀ ká tó lọ sí 30. Lẹ́yìn náà màá gùn ún lẹ́yìn, torí ọ̀kadà tó gbé èèyàn kì í dúró bí èyí tó ṣófo. Hẹ́mẹ́ẹ̀tì méjì ni kó mú wá, kó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, mi ò gba sílípáàsì.